Àwọn Ológbò Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Alẹ́

Tí aago méjì òru bá ti lù, Sọ́jà á fò láti orí ògiri ilé ìdáná bọ́ sórí páànù, Jẹ́jẹ́ á sì fò tẹ̀ lé e. Wọ́n á sáré gbàgbàgbà láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn, wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń mí, wọ́n á tún sáré padà. Tí páànù bá sú wọn, wọ́n á gba ihò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ wọ inú àjà. Inú àjà yẹn gan-an ni eré wà. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń yí kiri, bóyá ìdérí ìgò ni, bóyá èkùrọ́ ni, a ò mọ̀. Á máa yí lọ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lókè orí wa títí á fi dé orí yàrá Bùọ̀dá Akíntáyọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dìjọ wọ̀yá ìjà.

Kì í ṣe ìjà o, eré ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó gbọ́dọ̀ dìde ní aago mẹ́rin ààbọ̀?

Ilé Màmá, ìyá bàbá mi, ni mò ń sọ, ní Sango. Yàrá mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì la àárín wọn kọjá. Èmi àti Màmá la ni méjì tó wà níwájú. Àǹtí Mùjídátù tó ń ta ẹja oníyìnyín ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa. Bùọ̀dá Akíntáyọ̀ wà ní yàrá ìgbẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ọmọ Ìkirè ni wọ́n, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ níbẹ̀, oṣù tó kọjá yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn sí ti òwúrọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn síbẹ̀, wọ́n ra bísíkíìtì fún gbogbo ilé. Wọ́n ní àwọn náà á wá máa sùn lóru bí ọmọ èèyàn.

Ológbò méjèèjì, tèmi ni wọ́n. Abẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń hun súwẹ́tà ni ìyá wọn bí wọn sí lọ́dún méjì sẹ́yìn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀kadà fi gbá ìyá náà lójú títì. Èmi ni mo fi òwú tẹ mílíìkì sí wọn lẹ́nu títí wọ́n fi mọ oúnjẹ jẹ. Nítorí náà, nígbà tí Bùọ̀dá Akíntáyọ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo rí bí ojú wọn ṣe pọ́n, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ológbò mi ló dé.

Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá.

"O káàbọ̀," ni Màmá wí. "Ojú ẹ mà pọ́n o. Ṣé o sùn ṣá?"

"Màmá, n ò tíì sùn débi tí mo máa jí." Wọ́n jókòó sórí àpótí. "Mo tòògbé nídìí ẹ̀rọ lónìí. Abọ́ ń jáde, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Wọ́n dà sílẹ̀, wọ́n ga dé orúnkún mi. Ìgbà tí mo máa lajú, ọ̀gá wa ló dúró tì mí. Wọ́n ní, 'Ọ̀gbẹ́ni Akíntáyọ̀, ṣé ká lọ ra ìrọ̀rí wá ni?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín."

Àǹtí Mùjídátù náà bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Àǹtí," ni Bùọ̀dá wí. "Wọ́n ní tí mo bá tún sùn lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n á dá mi padà sí."

"Ìyẹn náà dáa," ni Àǹtí Mùjídátù wí. "Ìwọ àtàwọn ológbò á kúkú jọ máa ṣiṣẹ́."

"Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?"

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Jẹ́jẹ́ tó ká jọ sí abẹ́ ẹ̀rọ mi tó ń sùn bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n tún wo Bùọ̀dá.

"Ó tó," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ Àìkú, Olúṣẹ́gun á gbé ẹyin wá. Tó bá ń padà lọ, kó kó wọn lọ sí Àtàn. Wọ́n á máa bá a ṣọ́ oúnjẹ adìyẹ lọ́wọ́ eku."

Ọmọ àbúrò Màmá ni Olúṣẹ́gun. Adìyẹ ló ń sìn ní Àtàn, ó sì ní ajá méjì tí kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ aládùúgbò kọjá níwájú ọgbà. Lọ́dún tó kọjá, ó gba ológbò kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìjù. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà la bi í léèrè ológbò, ó ní àwọn ajá ti lé e lọ, òun ò mọ ibi tó gbà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà níwájú àgbà, ọ̀rọ̀ máa ń dúró sí mi lọ́fun ni, kò ní jáde, kò sì ní padà sísàlẹ̀. Mo bá tẹ orí mọ́ súwẹ́tà tí mò ń hun. Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Àǹtí Mùjídátù ló kọ́kọ́ ní oògùn. Wọ́n ní ká tì wọ́n mọ́ ilé ìdáná. A tì wọ́n mọ́bẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní aago méjì, ìkòkò àkọ́kọ́ bọ́. Ní aago méjì kọjá díẹ̀, ọmọ odó bọ́ lé ìdérí ìkòkò. Ìgbà tó yá, a ò mọ ohun tó ń bọ́ mọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní ilé ìwẹ̀ ló dáa, pé kò sí nǹkan tó lè bọ́ níbẹ̀. Lóòótọ́, nǹkan kan ò bọ́. Ṣùgbọ́n Sọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ọmọ tuntun tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ, Jẹ́jẹ́ ń gbè é, ilé ìwẹ̀ náà sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nítorí ohùn máa ń dún padà níbẹ̀. Aládùúgbò kan ké láti òdìkejì ògiri pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ yẹn lọ́mú. Bùọ̀dá Akíntáyọ̀ fúnra wọn ló dìde tó lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn.

"Ẹ máa lọ," mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún wọn nínú òkùnkùn. "Ẹ máa lọ sórí páànù yín. Páànù yẹn gan-an sàn."

Ọjọ́bọ̀ dé. Èmi nìkan ni mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mò ń hun apá súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan. Màmá wà nínú yàrá pẹ̀lú rédíò wọn. Àǹtí Mùjídátù ń gé ẹja lẹ́yìn ilé. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni Seth, ẹni tó ń bá wa gbé gáàsì, yí sílíńdà wọlé lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń dún gbọn-ọn gbọn-ọn gbọn-ọn, ó sì pariwo bó ṣe máa ń ṣe:

"Gáàsì ti dé o! Màmá wa, gáàsì ti dé!"

Mo fi ìka lé ẹnu. "Ẹ rọra, ẹ rọra. Èèyàn ń sùn."

Seth dúró. Ó gbé sílíńdà náà sókè kó má baà dún mọ́. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ta ló ń sùn?"

Mo nawọ́ sí yàrá Bùọ̀dá Akíntáyọ̀.

Seth wo ibẹ̀. Èmi náà wò ó. Àgádágodo ńlá kan ló ń fì lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí," ni Seth wí, ó ṣì ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ṣé àgádágodo yẹn ló ń sùn ni?"

Ó gbé gáàsì wọ ilé ìdáná, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo ń wo àgádágodo. Ó ti lé ní oṣù kan tí ẹnikẹ́ni ò ti sùn nínú yàrá yẹn lọ́sàn-án. Kí ló dé tí mo fi ní kó rọra?

Mo wá gbọ́ bí ilé náà ṣe dákẹ́ tó. Rédíò Màmá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí, nítorí ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kó má baà jí Bùọ̀dá Akíntáyọ̀. Àǹtí Mùjídátù ń gé ẹja lẹ́yìn ilé nínú oòrùn, nígbà tí òjìji wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ tí mo ká sí abẹ́ ẹ̀rọ mi kó má baà pariwo ṣì wà níbẹ̀. Bùọ̀dá ti bọ́ nínú iṣẹ́ alẹ́, ilé ò tíì bọ́.

Mo wolẹ̀. Sọ́jà na ara sórí ẹsẹ̀ mi, Jẹ́jẹ́ gbé orí lé e níkùn. Oorun àsùnwọra ni wọ́n ń sùn.

Àánú wọn ṣe mí, ojú sì tì mí. Ṣé wọ́n lè mọ̀? Inú iṣẹ́ alẹ́ Bùọ̀dá ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí wọ́n kéré, tí wọ́n bá fẹ́ ṣeré lọ́sàn-án, èmi fúnra mi ni mo máa ń da apẹ̀rẹ̀ bò wọ́n títí wọ́n á fi dákẹ́. Tó bá di alẹ́, tí Bùọ̀dá bá ti gbéra lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ilé á wá mí. Màmá á yí rédíò sókè, Àǹtí Mùjídátù á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀, èmi á sì ṣí apẹ̀rẹ̀. Àwa la kọ́ wọn pé ọ̀sán ni kéèyàn máa sùn, pé òru làsìkò eré. Wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé.

Ó wá ku bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Nígbà tó yá, Màmá pè mí kí n wá bá wọn ṣa ẹ̀wà. Mo tẹ orí mọ́ àtẹ ẹ̀wà, mo bi wọ́n léèrè.

"Màmá, tí ọmọ ọwọ́ bá ń sùn lọ́sàn-án, tí kò sùn lóru, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

Màmá gbójú sókè kíákíá. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ikùn mi. "Fadékẹ́, ọmọ ta?"

"Rárá o, Màmá! Mo kàn ń béèrè ni."

"Hẹ̀n. Mo fẹ́ sọ." Wọ́n padà sídìí ẹ̀wà. "Bàbá rẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó fẹ́ pa mí. Ìyá mi ló wá láti Ìtẹ̀lé tó gbà mí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó rí ojú oorun lọ́sàn-án. Tó bá fẹ́ dijú, ká gbé e, ká kọrin fún un, ká gbé e dé ibi tí ariwo wà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ká bá a ṣeré títí á fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ká wá fún un lóúnjẹ. Oúnjẹ yẹn ló ṣe pàtàkì o, ẹ̀yìn eré ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Á sùn bí òkúta."

Mo ṣa ẹ̀wà mẹ́rin, márùn-ún.

"Màmá, ṣé ẹ rò pé ó lè ṣiṣẹ́ fún ológbò?"

Mo bá sọ ọ̀rọ̀ tó kù láìgbójú sókè, mo sọ ti Seth, mo sọ ti àgádágodo, mo sọ ti apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbọ́ ohùn kan bí ẹni tó ń wúkọ́. Màmá ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mì wọ́n débi pé ẹ̀wà ń dà sílẹ̀ láti orí àtẹ.

"Àní rédíò!" ni wọ́n ń wí. "Oṣù kan! Mò ń fi etí họ rédíò lásán!"

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì yí rédíò náà dé òpin. Ọkùnrin kan ń polówó ọṣẹ, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Sọ́jà fò sókè bí ẹni tí iná mú.

"Mùjídátù!" ni Màmá ké. "Kó ẹja rẹ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sùn nínú ilé yìí mọ́!"

Àǹtí Mùjídátù ò tilẹ̀ béèrè ìdí. Ó jọ pé wọ́n ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbé pákó wọn wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àdá gé orí ẹja, wọ́n sì ń kọrin pẹ̀lú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ wá ibi dijú sí lábẹ́ àga, mo fà á jáde. Sọ́jà lọ sẹ́yìn ilé, mo lọ gbé e wá. Bí wọ́n ṣe ń wò mí, ẹ̀ẹ́ rò pé mo jí ogún wọn ni.

Ariwo yìí ni Bùọ̀dá Akíntáyọ̀ wá bá nígbà tí wọ́n dé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Kí ló dé? Ta ló ń ṣe ìsọmọlórúkọ?"

"Ológbò la ń jí," ni Màmá wí. "Fadékẹ́, ṣàlàyé fún un."

Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo sì ṣàlàyé fún ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo dé ibi apẹ̀rẹ̀, Bùọ̀dá gbé báàgì sílẹ̀.

"Ẹ ń sọ pé nítorí tèmi ni?"

"Nítorí tìrẹ kẹ̀," ni Àǹtí Mùjídátù wí. "Ìwọ lo kọ́ wọn níṣẹ́. Ìwọ wá rí ìgbéga, o fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀."

Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn tó pọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n fọwọ́ ra ojú. "Màmá, ó dára, ó yé mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọn ò yí padà ńkọ́? N ò lè padà síṣẹ́ alẹ́ o."

"Ọjọ́ Àìkú, ìwọ lo máa sọ," ni Màmá wí. "Tí o bá ní kí wọ́n lọ, wọ́n á lọ. Olúṣẹ́gun á gbé àgò dání."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo so ìyẹ́ àkùkọ mọ́ òwú súwẹ́tà, mo sì ń fà á kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Bó ṣe yá, ìdí Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ó fò. Sọ́jà fò lé e. Bùọ̀dá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń júwe fún mi. "Fà á sókè díẹ̀. Rárá, lọ́tùn-ún." Kò pẹ́, wọ́n ní, "Gbé e wá, jẹ́ n fi hàn ọ́." Àgbàlagbà ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré láti iwájú ilé dé ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ, ológbò méjì lẹ́yìn wọn, tí Àǹtí Mùjídátù ń pàtẹ́wọ́. Ní aago mẹ́sàn-án, a fún wọn ní orí ẹja. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ ojú, wọ́n dùbúlẹ̀.

Ní aago méjì òru, wọ́n dìde. Mo gbọ́ wọn. Gbàgbàgbà lẹ́ẹ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó parí. Lóru ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo tó gbọ́ wọn, Bùọ̀dá sì ti ń wẹ̀ nígbà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbìyànjú láti má sùn kí n lè gbọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo sùn lọ.

Mo jí ní ọjọ́ Àìkú, mo wo abẹ́ ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Mo wo orí ògiri, mo wo ilé ìdáná, mo pè wọ́n dé ẹ̀yìn ilé. Wọn ò sí. Ilẹ̀kùn Bùọ̀dá wà ní títì láti inú. Àǹtí Mùjídátù ní àwọn gbọ́ tí ilẹ̀kùn náà dún lóru, àmọ́ àwọn ò mọ̀ bóyá ṣe ni Bùọ̀dá jáde nígbà náà.

Ṣé Bùọ̀dá ti kó wọn lọ síbòmíràn ni?

Píkọ́ọ̀pù Olúṣẹ́gun dé ní aago mẹ́jọ. Ó kó ẹyin sílẹ̀, ó sọ àgò onírin kan kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbàrà.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Àwọn òṣìṣẹ́ mi tuntun dà?"

"Akíntáyọ̀ la ń dúró dè."

A dúró. Ìgbà tó yá, Olúṣẹ́gun ní òun ní oúnjẹ adìyẹ láti rà, ó jáde lọ tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilẹ̀kùn ìgbẹ̀yìn ṣí. Bùọ̀dá Akíntáyọ̀ jáde, wọ́n ró aṣọ mọ́ ìdí, ilà ìrọ̀rí wà lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Aago mélòó ló lù?"

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí mẹ́sàn-án lù," ni Àǹtí Mùjídátù wí.

"Mẹ́sàn-án àárọ̀?"

Mo yọjú wo ẹ̀yìn wọn. Lórí ibùsùn, Jẹ́jẹ́ wà lórí ìrọ̀rí gan-an, Sọ́jà ká jọ síbi tí ẹsẹ̀ wọn ti kúrò. Mo mí.

"Òjò fẹ́ rọ̀ lóru, mo ṣílẹ̀kùn wòta, wọ́n bá kúkú wọlé," ni Bùọ̀dá wí, wọ́n ń họ orí. Ìgbà náà ni wọ́n rí àgò. Ojú wọn wá là dáadáa.

"Akíntáyọ̀," ni Màmá wí, "ìwọ la ń gbọ́. Kí wọ́n lọ, àbí kí wọ́n má lọ?"

Bùọ̀dá wo àgò, wọ́n wo ibùsùn. "Màmá, mo sùn. N ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á máa dá wa dúró síbi iṣẹ́ di aago mẹ́sàn-án lálẹ́. Tó bá ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀, ta ló máa bá wọn sáré? Tí wọn ò bá sáré, orí páànù ni wọ́n á padà sí."

Olúṣẹ́gun ti padà wọlé, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ẹnu àgò.

"Èmi ni," mo wí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ohùn mi ti jáde, mi ò sì lè pè é padà, mo bá jẹ́ kó máa lọ. "Èmi ni mo máa bá wọn sáré. Lálaalẹ́, yálà mo ní iṣẹ́ tàbí n ò ní. Èmi ni mo máa jí wọn lọ́sàn-án, èmi ni mo máa fún wọn lóúnjẹ. Bùọ̀dá, tí wọ́n bá tún jí yín lóru, ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà, ká jọ jí. Bùọ̀dá Olúṣẹ́gun, ẹ má bínú, ẹ máa gbé àgò yín lọ. Ajá yín burú."

Olúṣẹ́gun dáwọ́ dúró lẹ́nu àgò.

"Hẹ̀n!" ni Àǹtí Mùjídátù wí. "Fadékẹ́ lẹ́nu tó báyìí, ẹ wá fi í sílẹ̀ sídìí súwẹ́tà!"

"Àwọn ajá mi ò burú," ni Olúṣẹ́gun wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa á. Ó wo Bùọ̀dá. "Ọ̀gá, kí lẹ wí?"

"Kí ni mo tún máa wí?" ni Bùọ̀dá dáhùn. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe sọ̀rọ̀ ni? Tí mo bá ní kí wọ́n lọ, ó lè jẹ́ èmi lẹ máa gbé sínú àgò yẹn."

Olúṣẹ́gun gbé àgò rẹ̀ lé èjìká, ó lọ. Màmá fọwọ́ tẹ̀ mí lórí bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ kó ẹyin wọlé.

"Ẹ wò ó!" Àǹtí Mùjídátù nawọ́ sí yàrá ìgbẹ̀yìn. "Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ lù, àwọn wọ̀nyẹn ṣì ń sùn! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn o!"

Bùọ̀dá sáré padà wọlé. Wọ́n gbé Sọ́jà lọ́wọ́ kan, wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ kejì, wọ́n gbé wọn jáde sínú oòrùn bí wọ́n ṣe ń ráhùn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara wọn.